Iṣẹ́ Tó Ń Wo Ọkàn Sàn àti Iṣẹ́ Tó Ń Fọ́ Ọkàn

  Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló máa jí lọ́la kí àkùkọ tó kọ, nítorí náà mi ò ní fi àkókò yín ṣòfò.

Títì tí gbogbo wa ń dúró wọkọ̀ lórí rẹ̀ ní ibùdókọ̀ Pleasure níbí, ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta ni. Ẹni tó bá kọjú sí Ìyànà Ìpájà ń lọ sí Ìkẹjà, sí Ọ̀shòdì, sí Erékùṣù, níbi tí owó oṣù wà. Ẹni tó bá kọjú sí Abúlé Ẹ̀gbá, tí kò sì dúró lọ́nà, yóò dé Abẹ́òkúta, níbi tí ilé ìwòsàn ọpọlọ Àrò wà. Láti kékeré la ti ń fi Àrò dẹ́rù ba ara wa. Bí ẹnì kan bá ń dá sọ̀rọ̀ lójú pópó, àwọn èèyàn á ní kí wọ́n máa gbé e lọ Àrò. Ìbẹ̀rù yìí ni kì í jẹ́ kí òṣìṣẹ́ tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀ la ẹnu sọ ọ́ títí yóò fi ṣubú.

Ohun tí mo wá sọ kò pọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àárẹ̀ ọkàn tó ń bá òṣìṣẹ́ jà ní ìlú yìí, bí a ṣe ṣètò iṣẹ́ ló ń fà á. Ẹ má sọ pé òṣìṣẹ́ náà ya ọ̀lẹ, ẹ má sì sọ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò tó. Èèyàn ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣètò iṣẹ́, èèyàn náà ló lè tún un ṣètò.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn Àrò fún yín, torí pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ti wà nínú rẹ̀. Lọ́dún 1944, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ṣì ń jà, wọ́n sọ ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ kan ní Láńtòrò, Abẹ́òkúta, di ibi ìtọ́jú, ibẹ̀ sì ni Àrò ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn sójà tí wọ́n dá padà wálé pẹ̀lú ọkàn tó ti dàrú ni wọ́n torí wọn ṣí i. Iṣẹ́ ni àwọn ọkùnrin yìí lọ ṣe. Wọ́n lágbára, wọ́n láyà, ìjọba ti yẹ̀ wọ́n wò kó tó gbé ìbọn lé wọn lọ́wọ́, síbẹ̀ ohun tí wọ́n rí lẹ́nu iṣẹ́ náà ju ohun tí ọkàn lè gbà lọ. Ta ni yóò pe irú wọn ní ọ̀lẹ?

Ọdún 1954 ni nǹkan yí padà. Ọmọ Abẹ́òkúta kan, Thomas Adéoyè Làmbò, tí wọ́n bí ní 1923, tó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Birmingham, gba àkóso ilé ìwòsàn náà. Ó rí i pé kíkó aláìsàn sẹ́yìn ògiri gíga kò mú un yá. Ó lọ bá àwọn ará abúlé tó yí Àrò ká, ó ní kí wọ́n fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé. Aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní láti mú ẹbí kan dání tí yóò máa dáná fún un, tí yóò máa bá a rìn. Láàárọ̀, wọn á lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Nígbà tó bá yá, wọn á padà sí abúlé, wọn á bá àwọn ará abúlé lọ sóko, wọn á bá wọn jókòó lábẹ́ igi. Làmbò tún gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ láyè láti bá a dá sí ìtọ́jú náà. Gbogbo ayé ló wá wo ohun tó ṣe. Ní 1961, Abẹ́òkúta ni àwọn dókítà ọpọlọ láti gbogbo Áfíríkà ti ṣe ìpàdé àpapọ̀ wọn àkọ́kọ́, Làmbò fúnra rẹ̀ sì padà di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé.

Mo ti ronú lórí ìtàn yìí gan-an, nítorí iṣẹ́ oko wà lára oògùn tí wọ́n lò níbẹ̀. Kí ló dé tí iṣẹ́ fi wo èèyàn sàn ní abúlé Àrò, tó sì ń fọ́ wọn níbòmíràn? Èmi rò pé ìdí rẹ̀ kò farasin. Wọ́n wọn iṣẹ́ náà mọ ẹni tó ń ṣe é. Ẹbí rẹ̀ wà nítòsí. Kò sí ẹni tó ń jágbe mọ́ ọn. Bí oòrùn bá wọ̀, iṣẹ́ parí. Àwọn baba wa pàápàá mọ èyí kí Làmbò tó dé: nínú àárò, àwọn ọ̀rẹ́ á kóra jọ ro oko ẹnì kan lónìí, wọn á ro ti ẹlòmíràn lọ́la, orin á wà lẹ́nu wọn, kò sì sí ẹni tí a fi sílẹ̀ kó dá oko gbẹ̀ǹgbẹ̀ ro lójú oòrùn.

Ẹ wá jẹ́ ká wo ọ̀dọ̀ tiwa. Ìkànìyàn ọdún 2006 sọ pé èèyàn 1,277,714 ló ń gbé ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́. Kò sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní ìpínlẹ̀ Èkó tí èèyàn pọ̀ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, iye náà yóò sì ti pọ̀ gan-an sí i láti ìgbà yẹn. Ibi tí èèyàn ń sùn pọ̀ ní ọ̀dọ̀ wa. Iṣẹ́ olówó oṣù ni kò tó nǹkan. Àfi kí èèyàn máa lé e lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, mi ò sọ ọ́ lórúkọ nítorí irú rẹ̀ pọ̀ láàárín wa. Ó ń gbé ní ẹ̀yìn ọjà Òkè-Odò, Victoria Island ló ti ń ṣiṣẹ́. Aago mẹ́rin ìdájí ló jí. Ó gbé oúnjẹ àwọn ọmọ kaná, ó kó wọn fún ìyá àgbà, aago márùn-ún ti bá a ní ibùdókọ̀. Ọ̀nà BRT tí ìjọba ṣí láti Ọ̀shòdì dé Abúlé Ẹ̀gbá ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 ti dín ìyà kù lóòótọ́, mo sì dúpẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n ìlà gùn, bọ́ọ̀sì lè má tètè dé, bí òjò bá sì rọ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ yóò bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn Ọ̀shòdì. Bó bá dé ibi iṣẹ́ lẹ́yìn aago mẹ́jọ, wọn á yọ nínú owó rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ kò bi í léèrè ibi tó ti ń bọ̀. Táàgẹ́ẹ̀tì oṣù yìí ju ti oṣù tó kọjá lọ, wọ́n sì ka iye tí kálukú mú wọlé jáde ní ìpàdé, kí ojú lè ti ẹni tí tirẹ̀ kéré. Òṣìṣẹ́ kọ̀ntíráàkì ni. Wọ́n lè ní kó má wá mọ́ lọ́la. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ló délé. Aago mẹ́wàá, WhatsApp dún: ọ̀gá ń béèrè iṣẹ́ kan tó gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ láàárọ̀. Ó sùn lẹ́yìn aago mọ́kànlá. Aago mẹ́rin, ó tún ti jí.

Obìnrin yìí kì í ṣàìsàn tí a lè fojú rí. Bí ẹ bá kí i, á ní a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti ń gbàgbé nǹkan. Ó ń pariwo mọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ lórí ohun tí kò tó ariwo, á sì sunkún nílé ìwẹ̀ lẹ́yìn náà. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, bó bá ti rántí ọjọ́ Ajé, àyà rẹ̀ á máa já.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé iṣẹ́ kì í pani. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́, torí oko tirẹ̀ ló ń ro, ó sì mọ ìgbà tó yẹ kó sinmi. Ní ayé òde òní, iṣẹ́ ń pani. Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́ gbé ìwádìí kan jáde ní 2021: wọ́n ṣírò pé èèyàn bí 745,000 ló kú lọ́dún 2016 nípa àrùn rọpárọsẹ̀ àti àìsàn ọkàn-àyà tí iṣẹ́ àṣejù fà. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, ewu rọpárọsẹ̀ tirẹ̀ fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ẹni tó ń ṣe wákàtí 35 sí 40. Ewu pé kí àìsàn ọkàn-àyà pa á fi ìdá 17 pọ̀ sí i. Wákàtí iṣẹ́ nìkan ni wọ́n kà o. Wọn ò ka èyí tí èèyàn lò lójú títì.

Kí ikú tó dé, ara ti máa ń sọ̀rọ̀. Àwa Yorùbá ní bí a ṣe ń sọ ọ́, àwọn ọ̀mọ̀wé sì ti fetí sí i. Ní 1960, dókítà ọmọ ilẹ̀ Kánádà kan, Raymond Prince, tó ṣiṣẹ́ ní Àrò, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ìwé kíkà ń dà láàmú: orí ń gbóná, ojú ń ṣe bàìbàì, ohun tí wọ́n kà kò dúró lọ́pọlọ. Ní 1987, dókítà ọpọlọ kan ní Ifẹ̀, Roger Makanjuola, tó padà di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tẹ ìwádìí jáde lórí ọdẹ orí. Ẹ mọ̀ ọ́n: nǹkan ń rìn kiri nínú orí, etí ń hó, àyà ń já, oorun kò wá. Ìsoríkọ́ àti àníyàn ló bá lára ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó yẹ̀ wò. Mélòó nínú wa ló ti fi irú àmì báyìí ra oògùn ibà lọ́dọ̀ kẹ́místì, tó tún gba abẹ́rẹ́ taifọ́ọ̀dì lé e? Àwọn ọkùnrin a máa lọ bá ìyá oní-paraga ní gáréèjì, oorun á wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó lé oorun lọ ṣì wà níbẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀ wá wò nílé wa, ní àwọn agbègbè tí a ti ń sọ Yorùbá. Àbájáde ìwádìí wọn tó jáde ní 2006 fi hàn pé nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́jọ ni irú àìsàn ọkàn kan ti ṣe rí láyé rẹ̀, àwọn tó rí ìtọ́jú gbà kò sì ju díẹ̀ bíńtín lọ. Ẹnì kan nínú mẹ́jọ! Ẹ wo àwọn tó jókòó lórí ìlà yín.

Èyí mú mi dé ọ̀dọ̀ ẹ̀yin ọ̀gá. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀ ọ̀gá, kì í ṣe àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó wà ní Erékùṣù nìkan ni mo ní lọ́kàn. Àwọn oníléèwé aládàáni wà níbí, àwọn oníṣọ̀ọ̀bù, àwọn aránṣọ àti mẹkáníìkì tó ní ọmọ iṣẹ́, àwọn tó ń gba ẹrù ní ọjà Katangówá tí ọmọ mẹ́ta ń bá tà. Ọ̀gá ni yín. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ìlànà jáde lórí ìlera ọkàn níbi iṣẹ́. Ohun tó wú mi lórí nínú rẹ̀ ni pé wọn ò dúró lórí kí òṣìṣẹ́ máa mí kanlẹ̀ kó sì máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ní kí a wo iṣẹ́ fúnra rẹ̀: ṣé ó pọ̀ jù, ṣé àkókò rẹ̀ bá èèyàn mu, ṣé wọ́n ń dójú ti òṣìṣẹ́, ṣé ọ̀gá mọ bí a ṣe ń bá ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú sọ̀rọ̀. Ìṣirò wọn ni pé ìsoríkọ́ àti àníyàn ń jẹ ọjọ́ iṣẹ́ bílíọ̀nù 12 lágbàáyé lọ́dọọdún, àdánù rẹ̀ sì tó tírílíọ̀nù kan dọ́là. Àánú òṣìṣẹ́ ló yẹ kó ṣe wá, ṣùgbọ́n ẹni tí àánú kò bá ṣe, kó wo owó.

Oníléèwé tó ní kí tíṣà dúró di aago márùn-ún kó máa kọ ìwé àlàyé ẹ̀kọ́, tó tún ní kó wá akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kiri àdúgbò nígbà ìsinmi, tí kò sì ní sanwó oṣù ìsinmi náà, kó má yà á lẹ́nu bí tíṣà náà bá na ọmọ ọlọ́mọ ju bó ti yẹ lọ. Inú kíláàsì ni ìpọ́njú tíṣà ń bọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀gá aránṣọ tó ń bú ọmọ iṣẹ́ lójú oníbàárà: ẹ̀rù tó dá sí i lára ló ń jẹ́ kó gé aṣọ dànù.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àánú lásán ni mo ń sọ. Òfin wà nílẹ̀. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa sọ pé ẹni tó bá ṣiṣẹ́ tó wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́, ìsinmi rẹ̀ láàárín iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ dín ní wákàtí kan lápapọ̀; nínú ọjọ́ méje, ọjọ́ kan gbọ́dọ̀ wà tó máa fi sinmi fún wákàtí 24 gbáko. Èyí ọ̀pọ̀ wa gbọ́ rí. Èyí tí kò pọ̀ lẹ́nu ará ìlú ni abala kẹjọ Òfin Owó Gbà-má-bínú Òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010. Abala náà fi ìdààmú ọkàn kún ohun tí òṣìṣẹ́ lè gba owó gbà-má-bínú lé lórí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ṣèṣe lára. Ọ̀nà méjì ló là sílẹ̀. Èkíní, kí ohun ìjayà kan ṣẹlẹ̀ lójijì lẹ́nu iṣẹ́, kí ó sì da ọkàn òṣìṣẹ́ náà rú: ẹ ronú nípa akáwó báǹkì tí olè kọjú ìbọn sí, tàbí awakọ̀ tí ìjàǹbá ṣẹlẹ̀ lójú rẹ̀. Èkejì, kí dókítà tí òfin fọwọ́ sí yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì sọ pé irú iṣẹ́ tó ń ṣe, tàbí ohun tó ṣẹlẹ̀ nídìí iṣẹ́ náà, ló fa àìsàn ọkàn rẹ̀. Òfin náà ní ààlà: bí ọ̀gá bá gbé èèyàn kúrò ní ipò kan sí òmíràn, tó bá a wí, tàbí tó dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, ìbànújẹ́ tí ìyẹn nìkan fà kò sí nínú rẹ̀. Èmi gbà pé ààlà yẹn le jù. Síbẹ̀, ìlẹ̀kùn kan ṣí. NSITF ni àjọ tó ń ṣàkóso owó náà. Ọ̀gá ló ń san án, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù tó ń san; kò gbọ́dọ̀ yọ kọ́bọ̀ lára òṣìṣẹ́ nítorí rẹ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu Òfin Ìlera Ọpọlọ tuntun, èyí tó rọ́pò òfin ayé àwọn amúnisìn tó ń pe aláìsàn ní wèrè. Òfin tuntun náà lòdì sí kí a máa ya ẹni tó ní àìsàn ọpọlọ sọ́tọ̀ tàbí kí a máa fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú. Nítorí náà, ọ̀gá tó bá gbọ́ pé òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Yábàá fún ìtọ́jú, tó sì tìtorí ìyẹn lé e, kó mọ̀ pé òfin wà.

Ohun tí àwọn ìlú mìíràn ń ṣe lè là wá lójú. Japan ṣe òfin ní 2014 láti dènà ikú tí iṣẹ́ àṣejù ń fà. Pọ́túgà ní 2021 sọ pé ọ̀gá kò gbọ́dọ̀ máa yọ òṣìṣẹ́ lẹ́nu lẹ́yìn wákàtí iṣẹ́ àyàfi bí ọ̀ràn pàjáwìrì bá ṣẹlẹ̀. A ò nílò kí Abuja ṣe irú èyí kí ẹ̀yin oníṣọ̀ọ̀bù tó pinnu pé bí aago méje alẹ́ bá ti lù, ẹ ò ní fi ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ránṣẹ́ mọ́.

Awakọ̀ dánfó, oníkẹ̀kẹ́ Márúwá, ìyá tó ń ta tòmátò ní Ilé-Epo, àwọn wọ̀nyí kò ní ọ̀gá tí wọ́n lè rojọ́ rẹ̀. Dílífà tí wọ́n gbọ́dọ̀ san fún ẹni tó ni ọkọ̀, tíkẹ́ẹ̀tì agbèrò, èlé owó tí wọ́n yá lórí fóònù, ìyẹn ni ọ̀gá wọn. Ẹgbẹ́ ni agbára tiwọn. Ẹgbẹ́ àjọ tó ń pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti kówó jọ lè fi ìṣẹ́jú díẹ̀ béèrè lọ́wọ́ ara wọn pé báwo ni oorun, báwo ni ilé. Bí ẹnì kan bá ti pa ọ̀sẹ̀ méjì jẹ láìwá, kí wọ́n lọ wò ó nílé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ó fẹ́ sá lọ.

Ẹ̀yin pásítọ̀ àti ẹ̀yin àfáà, ọ̀dọ̀ yín ni èèyàn wa kọ́kọ́ ń sá sí, kò sì burú. Ẹ gbàdúrà fún un. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó wá bá yín kò bá ti sùn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìṣọ́ òru kún un. Ẹ ní kó lọ rí dókítà. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Ìgándò, dókítà ibẹ̀ lè júwe ibi tó kàn fún un. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá, tó ti wà láti 1907, ní ẹ̀ka kan ní Ọ̀shòdì, BRT tó ń kọjá níwájú wa sì ń dé Ọ̀shòdì. Bí ẹnì kan bá ń sọ pé ayé ti sú òun, pé ikú sàn, ẹ má bá a jiyàn, ẹ má sì fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ilé ìwòsàn LUTH ní ètò ìrànwọ́ kan fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, SURPIN ni wọ́n ń pè é. Kò sì yẹ kí ìbẹ̀rù ọlọ́pàá mú kí ẹbí fi ọ̀ràn náà pamọ́: òfin ọ̀daràn ìpínlẹ̀ Èkó, ní abala 235, sọ pé ilé ìwòsàn ni kí ilé ẹjọ́ pàṣẹ pé kí wọ́n gbé ẹni tó gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ lọ.

Mo ní ìbéèrè kan tí mo fẹ́ kí gbogbo òṣìṣẹ́ tó wà níbí gbé lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Ẹ bi ọ̀gá yín, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bóyá ilé iṣẹ́ yín ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NSITF, bóyá wọ́n sì ń san owó náà. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù láti dá a béèrè, ẹ kó ara yín jọ bí ẹni tó ń ṣe àárò, ẹ jọ béèrè. Ẹ̀yin oníléèwé àti ẹ̀yin oníṣọ̀ọ̀bù tẹ́ ẹ wà níwájú, mo fẹ́ gbọ́rọ̀ lẹ́nu yín kí a tó túká: aago mélòó ni ẹ ó máa jẹ́ kí àwọn tó ń bá yín ṣiṣẹ́ lọ sílé?